Márùn-ún Àbọ̀

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mi ò bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n òótọ́ tèmi, ó jọ pé ó yà mu tíì lọ́nà, kò sì tíì dìde níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ambili ni orúkọ mi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò áàpù ni mo ń ṣe. Bí àwọn tó ń kọ áàpù bá kọ ọ́ tán, àwa la máa tẹ ibi gbogbo lára rẹ̀, ká rí ibi tó ti máa fọ́ kó tó dé ọwọ́ aráyé. Ní ọ́fíìsì tí mo wà nígbà yẹn ní Kazhakkoottam, ní ìpínlẹ̀ Kerala nílẹ̀ India, áàpù tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní Rotterdam ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Àwọn tibẹ̀ á fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ láàárọ̀ tiwọn. Á dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, ní àkókò gan-an tí tíì ìrọ̀lẹ́ ń hó ní ṣọ́ọ̀bù Thankappan lẹ́nu géètì.

Ní ilẹ̀ wa, kí òrùlé máa jó, a óò kọ́kọ́ mu tíì aago mẹ́rin ná. Nítorí náà, bí áàpù bá ti ń wọlé báyìí, àwọn ènìyàn wa ń jáde. Shibu chetta ló máa ń ṣíwájú. Òun ló dàgbà jù nínú yàrá wa, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní chetta, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Wọ́n á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín, wọ́n á bú ìjọba, wọ́n á bú ẹgbẹ́ alátakò, wọ́n á wá rọra padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi nìkan ni kì í bá wọn lọ. Kì í ṣe pé mo sàn jù wọ́n lọ o, mo fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dé góńgó. Ìyá mi ló wà nílé ní Varkala tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í sì dúró kọjá ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó bá lọ fi mí sílẹ̀, ìyá mi á jókòó sínú òkùnkùn nìyẹn títí n óò fi dé. Nítorí náà, bí áàpù bá ti balẹ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀.

Rotterdam wá ní àwọn fẹ́ máa fi ojú ara wọn rí èsì wa. Wọ́n ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣàkóso àyẹ̀wò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí a yẹ̀ wò, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tó bá pàdé níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa ni yóò máa ti èsì wọ inú irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan ń gbà bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ báyìí, API là ń pè é. Irinṣẹ́ yìí ní méjì, ògbólógbòó kan àti tuntun kan. Kurup sà, ọ̀gá wa, ní kí n yẹ méjèèjì wò, kí n wá sọ èyí tó yẹ ká mú.

Mo yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń yan ọkọ fún àbúrò rẹ̀. Ògbólógbòó rọrùn, láàrin ọjọ́ mélòó kan a ó ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wa. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Ó máa ń béèrè iye wákàtí tí aago wa fi ṣáájú aago Greenwich, odidi nọ́ńbà nìkan ló sì ń gbà. Ó gba márùn-ún. Ó gba mẹ́fà. Aago India jẹ́ márùn-ún àbọ̀, bí mo bá sì ti kọ àbọ̀ yẹn sí i báyìí, ṣe ló ń tu ú jáde. Tuntun kò béèrè nọ́ńbà kankan. Orúkọ ìlú ló ń béèrè, á sì ṣírò ìyókù fúnra rẹ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé yóò gbà wá ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti so ó.

Mo wọ yàrá Kurup sà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ń mu omi gbígbóná rẹ̀, ó tẹ́tí sí mi dé òpin, nítorí ọkùnrin náà mọ ìwà hù. Ó gbé ife sílẹ̀.

“Ambili, ìdajì wákàtí. Ta ni ìdajì wákàtí pa rí?”

“Sà, àkókò ni gbogbo ohun tí irinṣẹ́ yẹn ń tọ́jú. Bí àkókò bá ti wọ́, gbogbo èsì ti wọ́ nìyẹn.”

“Mo ti sọ fún Hanneke pé ọ̀sẹ̀ yìí la máa parí ẹ̀.”

Hanneke ni obìnrin tó ń bójú tó wa láti Rotterdam. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lọ́fíìsì wa, bí ọ̀gá bá ti sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún oníbàárà, ẹnikẹ́ni kì í sọ “ṣùgbọ́n” mọ́. Ohun tó kù fún àwa ọmọ iṣẹ́ ni ká máa wá bí bẹ́ẹ̀ ni náà ṣe máa ṣeé ṣe. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyẹn, òun la sì ń pè ní ọ̀wọ̀.

Ó wá bi mí pé èwo ni ká kọ, márùn-ún ni àbí mẹ́fà. Mo ní bí a bá kọ márùn-ún, gbogbo èsì wa á máa pẹ́ ní ìdajì wákàtí lójú Rotterdam, bẹ́ẹ̀ a ti ṣàdéhùn pé èsì àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí áàpù bá dé. Bí a bá kọ mẹ́fà, á máa dà bí ẹni pé a tètè ṣe é ju bí a ṣe ṣe é lọ.

“Kọ mẹ́fà,” ni Kurup sà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. “Bó bá jẹ́ pé a máa wọ́ náà ni, ẹ jẹ́ ká wọ́ síbi tí wọ́n á ti yìn wá.”

“Sà, iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe nínú ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, á dà bíi pé ó ti ṣe é kí áàpù tó dé.”

“Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìdajì wákàtí àkọ́kọ́? Ṣebí ọ̀dọ̀ Thankappan ni gbogbo yín máa ń wà.”

Mo ní, “Èmi, sà.” Ṣùgbọ́n ó ti gbé fóònù, ó ti ń fi ọwọ́ júwe ìlẹ̀kùn fún mi.

Bí a ṣe mú API ògbólógbòó nìyẹn, tí a kọ mẹ́fà sí i. Kí n má purọ́, ó dùn fún oṣù bíi mélòó kan. Rotterdam ń yìn wá pé ará Kerala yá ju ẹ̀fúùfù lọ. Wọ́n fi ṣokoléètì ránṣẹ́. Nígbà Onam, ọdún ìkórè ilẹ̀ wa, iléeṣẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Kurup sà lọ́lá níwájú òdòdó tí a tẹ́ sílẹ̀ yí géètì ká, èmi náà sì pàtẹ́wọ́. Nígbà kan tí mo tún rán an létí ọ̀rọ̀ API tuntun, ó ní tó bá yá. Mo ní ẹ̀rù èsì tèmi ń bà mí, ó ní ta ló ń wo ìṣẹ́jú.

Wọ́n wá wo ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kan ni áàpù náà ta àyè kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ fún ènìyàn méjì-méjì, èrò sì kún etíkun Rotterdam, wọ́n ń bú ara wọn. Wọ́n wá ẹni tó yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n bá orúkọ mi. Àléébù yẹn wọlé lẹ́yìn tí mo ti ṣe tèmi tán ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tilẹ̀ dé ibẹ̀, torí pé ohun tí ojú wọn kọ́kọ́ rí ni àkókò. Èsì Ambili ti wọlé kí áàpù tó dé India. Wọ́n tú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wò, bákan náà ni, láti oṣù dé oṣù.

Wọ́n pe ìpàdé. Ojú Hanneke gba gbogbo ògiri nínú fídíò láti Rotterdam, gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká, àwọn tó ti ọ̀dọ̀ Thankappan dé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ọwọ́. Hanneke kò pariwo. Ó bi mí jẹ́jẹ́ bí mo ṣe yẹ ohun tí kò tíì dé ọwọ́ mi wò. Mo sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún àbọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ API méjèèjì, mo sọ mẹ́fà. Mi ò fo nǹkan kan. Ó yíjú sí Kurup sà, ó ní ṣé òótọ́ ni.

Kurup sà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Hanneke, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà,” ló wí. “Nínú gbogbo àwọn tó wà ní yàrá yìí, èsì ta ló ṣáájú áàpù? Tiẹ̀ nìkan ni.”

Ẹ wo ọgbọ́n. Ọkùnrin náà kò pa irọ́ kankan. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, òótọ́ ni, ó sì tò wọ́n jọ di ọ̀bẹ. Mo ní èsì tiwọn náà wọ́ bíi tèmi, kò kàn hàn ni, nítorí pé wọ́n máa ń lọ mu tíì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Hanneke bi wọ́n. Hanneke sì bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n máa ń jáde fún ìdajì wákàtí bí áàpù bá dé.

Mo mọ ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnì kan tó lè gbà mí, ó ní láti jẹ́wọ́ níwájú oníbàárà pé iṣẹ́ dé, òun jáde lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú mi fi dé ara Shibu chetta. Ọkùnrin yìí ti jẹun lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé ìyá mi. Ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì fún un. Mo ní, “Chetta, ẹ sọ fún wọn.”

Epo ṣì ń dán ní ètè rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo Kurup sà.

“Rárá, màdáámù,” ni Shibu chetta wí. “Bí áàpù bá ti dé la ń bẹ̀rẹ̀.”

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bí ọjà náà ṣe rí.

Lẹ́yìn ìpàdé, Kurup sà pè mí sí yàrá rẹ̀, ó bá mi fa àga. Ó ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, òun á kọ ìwé ìdágbére tó dára fún mi láti fi wáṣẹ́ mìíràn, nítorí bí wọ́n bá lé mi, kò sí iléeṣẹ́ tó máa gbà mí mọ́ láti ibí dé Bengaluru.

“Sà, ẹ mọ òótọ́,” ni mo wí.

“Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo yàrá yẹn la máa kó jáde. Bí o bá lọ, ẹnì kan ló lọ.”

Mo bi í ìdí tí kò fi lè yí mẹ́fà padà nísinsìnyí, tàbí kó mú API tuntun. Ó mirí. Ó ní bí a bá yí i padà, wọ́n á bi wá léèrè ohun tó mú ká yí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá mi kẹ́dùn, mo sì gbà pé ó ń bá mi kẹ́dùn lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù títí dòní. Ì bá ṣe pé ìkà ènìyàn ni, ǹ bá ti gbé e ṣépè kí n sinmi.

Shibu chetta gbé báàgì mi tẹ̀ lé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tí ọkọ̀ ń fọn fèrè bọ̀, ó ní àwọn ọmọ òun ṣì wà nílé ìwé, ṣé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gba báàgì mi. Mo ní, “Chetta, ẹ máa lọ, tíì yín á ti máa tutù.”

Ìròyìn dé Varkala ṣáájú lẹ́tà Kurup sà. Ará ọ́fíìsì wa kan ní àǹtí kan létí tẹ́ńpìlì, ẹnu àǹtí náà kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi gbọ́ pé wọ́n lé ọmọ òun nítorí pé ó ń kọ èsì iṣẹ́ tí kò ṣe. Ó pè mí jókòó síwájú rẹ̀, ó ní kí n wo ojú òun, ṣé òótọ́ ni. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè yẹn ló dùn mí wọra jù, torí pé ó ní láti béèrè. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹni tó jẹ́ pé agogo tẹ́ńpìlì ló fi ń mọ àkókò.

“Ìdajì wákàtí tí o fi ń sáré wá bá mi ni wọ́n wá fi mú ọ,” ni ìyá mi wí. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń pẹ́ dé níbikíbi, kì í bi mí léèrè ohun tó dá mi dúró.

Ó pẹ́ kí n tó ríṣẹ́. Ìwé ìdágbére Kurup sà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá kà á ń fóònù sí Kazhakkoottam, wọn kì í sì í pè mí padà. Níkẹyìn, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Kollam gbà mí, bóyá nítorí pé wọn ò lówó fóònù. Àwọn ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, nígbà tó kàn mí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: API wo ni èsì yín ń gbà kọjá? Wọ́n ní èyí tó ń béèrè orúkọ ìlú. Mo ní mo ti gbà á, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ọdún mélòó kan ti kọjá báyìí. Lóṣù tó lọ, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, Nayana lorúkọ rẹ̀, ó ti Kazhakkoottam wá, láti ọ́fíìsì tí mo ti jáde gan-an. Kò mọ̀ mí, èmi náà kò sì sọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ tó já fáfá ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ ọ̀wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, áàpù dé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo yíjú, mo rí i tó fọwọ́ lẹ́rán níwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń retí òjò kó dá. Mo bi í bóyá nǹkan kan bàjẹ́.

“Rárá, chechi,” ló dá mi lóhùn, bí ọmọdé ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. “Ìdajì wákàtí ò tíì pé ni.”

Mo ní ìdajì wákàtí wo. Ó yà á lẹ́nu pé mi ò mọ̀. Ó ní níbi tí òun ti ń bọ̀, òfin ni. Bí áàpù bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìdajì wákàtí á fi kọjá, wọ́n á ní kí gbogbo wọn lọ mu tíì. Mo bi í ìdí rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Wọ́n ní obìnrin kan wà níbẹ̀ rí tí ojú máa ń kán an láti relé. Á ti kọ èsì sílẹ̀ kí áàpù tó dé. Ìgbà tí wọ́n mú un ni wọ́n ṣòfin yẹn, kí oníbàárà má baà rò pé bákan náà ni gbogbo wa.”

Mo bi í ní orúkọ obìnrin náà.

“Wọn kì í dárúkọ ẹ̀, chechi. Shibu sà, ọ̀gá wa, ló máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.”

Shibu sà. Ọ̀gá. Mo wá sọ fún un pé níbí, kò sí ìdí láti dúró, API wa mọ márùn-ún àbọ̀, ìṣẹ́jú tó bá ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n máa rí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Ó wà lórí ahọ́n mi.

Nayana wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ń bá àgbàlagbà tí kò mọ ayé sọ̀rọ̀.

“Chechi, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ìyá mi ṣì wà láyé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé irú obìnrin yẹn ni mí.”

Ó mú àpò rẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun ra tíì bọ̀ fún mi. Mo ní rárá, ó ṣeun. Ó jáde lọ, mo sì kọjú sí kọ̀ǹpútà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.